Ìwé ìnáwó ìlú: ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe owó tó wà nínú àpò yín ni mo ní lọ́kàn. Owó tó ti jáde kúrò nínú àpò yín, tó sì ti wọ àpò ìlú ni. Ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ máa jíyìn owó yìí fún wa, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn ń jíyìn. Èmi ní tèmi, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò tíì dára tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ̀yin náà wò ó bóyá mo jàre.

Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí mo fi ojú mi rí.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n pe ará ìlú kan jọ láti wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ná owó ọdún tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga. Àwọn onílù wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà wá, àwọn àgbẹ̀ wá, àwọn olóyè jókòó síwájú. A kí ara wa títí. Ẹni kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì, ẹnìkejì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkẹta. Oòrùn ti mú gan-an kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èdè Faransé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ka nọ́ńbà láti inú ìwé: mílíọ̀nù báyìí, ẹgbẹ̀rún báyìí, ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kà á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ògbufọ̀ gba gbohùngbohùn, ó ní: "Wọ́n ní owó wọlé, wọ́n ní owó jáde, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ gún régé." Ogún ìṣẹ́jú di gbólóhùn kan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí n má parọ́.

Ìyá kan tó ń ta gàrí wá dìde. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń san owó tíkẹ́ẹ̀. Òjò sì ń rọ̀ sí wa lára nínú ìsọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀ wa dà?" Ẹni tó dá a lóhùn kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé: "Ìyá wa, ẹ má ṣe ìyọnu. Ó wà nínú ẹ̀." Ìyá náà jókòó.

"Ó wà nínú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí owó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bèèrè ibi tí owó rẹ̀ wà, tí a sì sọ fún un pé ó wà nínú ẹ̀, ṣé a ti jíyìn fún un?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin sọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 ni wọ́n fi àwọn òfin lélẹ̀ tó sọ pé kí ìlú máa ṣàkóso ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn òfin náà, ọ̀rọ̀ owó kọmúùnù nìkan ló dá lé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002 àti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, a kọ́kọ́ dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ kọmúùnù. Kọmúùnù 77 ló wà ní gbogbo ilẹ̀ Benin. Kétu wà nínú wọn, Pọ́bẹ̀ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Àwọn ará wa tó wà ní Togo pẹ́ jù wá lọ. Wọ́n dìbò ìlú ní ọdún 1987, wọn kò sì tún dì í mọ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2019, nígbà tí wọ́n yan ìgbìmọ̀ fún kọmúùnù 117.

Òfin 1999 yẹn sọ pé ará ìlú lè lọ sí ilé mẹ́ẹ̀rì, kó ní òun fẹ́ rí ìwé ètò owó ìlú, kó kà á, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bí ó bá lè sanwó ẹ̀dà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2021, òfin tuntun nípa àkóso ìlú rọ́pò rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 2015, òfin ìròyìn ti sọ pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba. Òfin kò sọ pé olóyè nìkan ló lè béèrè. Kò sì sọ pé ẹni tó gbọ́ Faransé nìkan.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè, tí wọ́n sì gbé ìwé náà fún yín, kí ni ẹ máa rí? Ìwé Faransé tó nípọn, tó kún fún àtẹ nọ́ńbà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣírò owó fi ń mọ̀ ọ́n. Pẹ̀rẹ̀fẹ́ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Akápò ìjọba ní láti lò ó. Fún wọn ni wọ́n kọ ọ́, ó sì dára fún iṣẹ́ wọn. Mi ò bá wọn jà nítorí pé wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bá wọn wí ni pé wọ́n mú ìwé tí wọ́n kọ fún pẹ̀rẹ̀fẹ́, wọ́n kà á sí ìyá ọlọ́jà létí, wọ́n sì ní àwọn ti jíyìn fún un.

Àwọn kan á sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Òótọ́ ni, ó wà nínú òfin ńlá ilẹ̀ Benin tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990. Ṣùgbọ́n òfin ńlá kan náà, ní ẹsẹ̀ 11, sọ pé gbogbo ẹ̀yà ilẹ̀ Benin lómìnira láti lo èdè wọn, ní ẹnu àti ní ìwé. Ẹ tún un kà: ní ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti fi ọ̀pọ̀ òru kọ́ ìwé Nàgó. Ṣé orí ìwé tí a fi ń kọ́ni nìkan ni lẹ́tà Nàgó máa wà ni?

Ó dáa. Kí a tó máa bá ìwé náà wí síwájú, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ètò owó ìlú, tí wọ́n ń pè ní bùjẹ́, kì í ṣe owó. Èrò ni. Ẹ rántí àgbẹ̀ tó dúró létí oko kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní: bí òjò bá rọ̀ dáadáa, oko yìí á fún mi ní àpò àgbàdo mẹ́wàá; màá ta mẹ́fà, a ó jẹ mẹ́ta, màá fi ọ̀kan ṣe irúgbìn. Àpò mẹ́wàá yẹn kò sí nínú àká. Orí rẹ̀ ló wà. Bùjẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú á jókòó, wọ́n á ní: a rò pé owó báyìí á wọlé, a sì fẹ́ fi ṣe báyìí báyìí. Iye tí wọ́n rò pé á jáde kò gbọdọ̀ ju iye tí wọ́n rò pé á wọlé lọ.

Ibí yìí ni mo ti rí àṣìṣe tó burú jù nínú bí wọ́n ṣe ń jábọ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á ní: "Lọ́dún yìí, a fi mílíọ̀nù ogún sí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́." Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ṣé mílíọ̀nù ogún tí wọ́n rò ni, àbí mílíọ̀nù ogún tí wọ́n ná? Méjèèjì kò jọra. Àgbẹ̀ tó bá pe ìyàwó rẹ̀, tó ní àpò mẹ́wàá ti wà nílé, nígbà tí àgbàdo ṣì wà nínú ilẹ̀, kí ni ẹ máa pè é? Nínú ìwé Faransé náà, iye méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́nu tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn ni ìyàtọ̀ náà ti ń sọnù.

Apá méjì ni bùjẹ́ ní. Apá kìn-ín-ní ni owó tí ilé mẹ́ẹ̀rì fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, epo ọkọ̀, iná mànàmáná, ìwé, ìrìn àjò, ìpàdé. Apá kejì ni owó tí a fi ń ṣe ohun tó máa pẹ́: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kànga ẹ̀rọ, afárá, ìsọ̀ ọjà. Àròpọ̀ méjèèjì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa kà fún wa. Àròpọ̀ máa ń tóbi, ó máa ń dùn létí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní owó ìlú jẹ́ báyìí, kò tíì sọ fún yín iye tí wọ́n fi jẹun àti iye tí wọ́n fi kọ́lé.

Ibi tí owó ti ń wá ńkọ́? Apá kan wá láti ọwọ́ wa: owó ọjà, owó ilẹ̀ àti ilé, owó orí iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, owó ìwé ìbí. Apá kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2008, ìjọba dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FADeC láti máa fi owó ran àwọn kọmúùnù lọ́wọ́. Lẹ́yìn òfin 2021, àpò mìíràn tó ń jẹ́ FIC ló rọ́pò rẹ̀. Bó bá kan kíkọ́ ohun tuntun, owó ìjọba àpapọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ kọmúùnù gbójú lé.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ó kan òdodo. Owó láti òkè lè pẹ́ kó tó dé. Bó bá pẹ́, iṣẹ́ á dúró. Ògiri ilé ẹ̀kọ́ á wà láìní òrùlé, koríko á hù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá á tutọ́ sílẹ̀, á ní: "Wọ́n ti jẹ ẹ́." Bóyá wọn kò jẹ nǹkan kan. Bóyá owó kò tíì dé ni. Bí ìjábọ̀ bá sọ iye tó yẹ kó wá, iye tó wá, àti ọjọ́ tó wá, ará ìlú kò ní fi orúkọ mẹ́ẹ̀rì ṣeré. Mo mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ báyìí ń dùn. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé ìjábọ̀ tí kò ṣe kedere, àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ ń pa lára.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló dára jù nínú gbogbo ètò yìí. Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi di owó ìlú mú. Ọwọ́ kan ń pàṣẹ pé kí a san owó. Ọwọ́ kejì ló ń san án. Ẹni tó ń pàṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó. Ẹni tó ń sanwó, akápò ìjọba ni, kì í ṣe ọmọọṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì. Tẹ́lẹ̀, mẹ́ẹ̀rì ló ń pàṣẹ. Láti ìgbà òfin 2021, akọ̀wé àgbà tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif ló ń pàṣẹ ìnáwó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń bi mẹ́ẹ̀rì nípa ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ọdún bá parí, ẹni tó pàṣẹ á kọ ìṣírò tirẹ̀, akápò náà á kọ tirẹ̀. Ìṣírò méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹnì kan bá dìde níwájú wa, tó ní: "Ẹ wò ó, ìwé méjì rèé, èèyàn méjì ló kọ ọ́, nọ́ńbà kan náà ló wà ní ìsàlẹ̀ wọn," gbogbo wa ni yóò yé. Ó máa ju ogún ìṣẹ́jú Faransé lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá oní-gàrí.

Ìbéèrè rẹ̀ kò le. Ohun tí wọ́n fi lè dá a lóhùn wà nílẹ̀. Ìwé tíkẹ́ẹ̀ ọjà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn ń tẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ akápò ni wọ́n wà. Ó ń kà wọ́n fún àwọn tó ń gba owó ọjà, àwọn yẹn sì ní láti mú owó àti ìdí tíkẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti já padà wá. Nítorí náà, iye tíkẹ́ẹ̀ tó jáde ṣeé mọ̀, iye tó padà ṣeé mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjábọ̀, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ: owó ọjà. Gbogbo ọjà kọmúùnù náà, ńlá àti kékeré, wọ́n dà á pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ìyá kò lè rí ọjà tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣírò kékeré kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú iye rẹ̀. Ká sọ pé 400 ènìyàn ló ń pàtẹ nínú ọjà kan, tí olúkúlùkù ń san 100 fúráǹkì ní ọjọ́ ọjà. 400 lọ́nà 100 jẹ́ 40.000. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń ná ọjà náà lọ́dún? Nínú ọ̀pọ̀ ọjà wa, a máa ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni a ń ná an. Ẹ mọ bí a ṣe ń kà á: a ka ọjọ́ ọjà òní mọ́ ọn, a sì ka ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá kà á bí àwọn oníwèé ṣe ń ka ọjọ́, mẹ́rin ni. Nítorí náà, nínú ọjọ́ 365, a ó ná ọjà náà ní nǹkan bí ìgbà 91. Ọ̀dọ́mọdé tó kàwé nílùú ńlá, tí kò bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà rí, á gbọ́ "ọjọ́ márùn-ún", á fi 5 pín 365, á rí 73.

91 lọ́nà 40.000 jẹ́ 3.640.000 fúráǹkì. 73 lọ́nà 40.000 jẹ́ 2.920.000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 720.000. Ẹ wò ó: kò sí olè níbẹ̀, kò sí ẹni tó parọ́. Ẹnì kan kàn ka ọjọ́ bí wọn kì í ṣeé kà á lọ́dọ̀ wa ni, ọjọ́ ọjà 18 sì bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìṣírò yìí kọ́ sára igi nínú ọjà, ta ló máa rí àṣìṣe náà? Ìyá oní-gàrí ni. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́ lọ́nà mìíràn. Ẹ wo alájọ. Ó ń wá sí ọjà, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó sì ń sàmì sínú káàdì olúkúlùkù. Obìnrin tí kò mọ lẹ́tà kan mọ iye àmì tó wà nínú káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá pé, ó mọ iye tó máa gbà, ó sì mọ iye tó jẹ́ ti alájọ. Bí alájọ bá sọ fún un pé "ó wà nínú ẹ̀", ariwo máa sọ nínú ọjà náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tí a kò lè gbà lẹ́nu alájọ fi rọrùn fún wa láti gbà lẹ́nu ìjọba? Bóyá nítorí pé alájọ kì í sọ Faransé.

Àwọn kan á ní: bí ẹ bá tiẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri, kí ló máa yí padà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Uganda, lápá ìlà oòrùn Áfíríkà. Ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1991 sí 1995, wọ́n rí i pé nínú ìdá 100 owó tó yẹ kó dé ilé ẹ̀kọ́, nǹkan bí 13 péré ló ń dé ibẹ̀. Ìyókù ń dúró lójú ọ̀nà, lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó gbé e dé ibẹ̀. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó náà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ iye tó gbà síta, níbi tí òbí á ti rí i. Nígbà tí ó di ọdún 2001, ó ti ju 80 lọ nínú 100 tó ń dé. Wọ́n ṣe àwọn àtúnṣe mìíràn náà, kì í ṣe ìwé ara ògiri nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú ìwé tó jẹ́: ìwé kan, iye kan, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Òbí lè kà á, kó sì yí ojú padà wo ilé ẹ̀kọ́ náà.

Òun ni ìjábọ̀ tiwa kò ní. Ìjábọ̀ wa kì í dárúkọ ibi. "Kànga ẹ̀rọ mẹ́fà." Níbo? "Àtúnṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́." Ti abúlé wo? Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí wọ́n bá sọ orúkọ abúlé, ará abúlé náà á lọ wò ó. Bí wọn kò bá sọ ọ́, gbogbo wa á rò pé abúlé kejì ni.

Bí wọ́n bá bi mí, ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n lẹ síta, ní Nàgó, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Ilà mẹ́rin lóòró. Nínú èkíní, iṣẹ́ àti ibi tó wà. Nínú èkejì, iye tí a rò. Nínú ẹ̀kẹta, iye tí a ti ná. Nínú ẹ̀kẹrin, ibi tí iṣẹ́ dé. Èyí ni àpẹẹrẹ, iye inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìlú kankan: òrùlé ìsọ̀ ọjà ńlá, a rò 12.000.000, a ti ná 6.800.000, òpó ti dúró, páànù kò tíì dé. Ẹni tó ti kọ́ ìwé Nàgó fún ọdún kan lè kà á tán kó tó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n dá ìpàdé dúró. Ìpàdé dára, ibẹ̀ ni a ti ń rí ojú ara wa. Rédíò náà dára. Ní àwọn ibì kan, wọ́n ti ń fi Nàgó sọ ọ̀rọ̀ kọmúùnù lórí rédíò, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka nọ́ńbà lórí rédíò nígbà tí ẹ ń ro ẹ̀kọ lórí iná, kí ẹ tó da omi sí i, nọ́ńbà náà ti lọ. Ẹ kò lè pè é padà kí ẹ fi wé ti ọdún tó kọjá. Ìwé tó wà lára ògiri máa ń dúró dè yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé mẹ́ẹ̀rì á sọ fún yín pé àwọn kò pọ̀, pé iṣẹ́ ti wọ àwọn lọ́rùn, pé kò sí ẹni tó mọ Nàgó kọ láàárín àwọn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n á tún sọ pé àwa ará ìlú kì í san owó orí, a kàn mọ ìbéèrè í béèrè ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí náà, kò sì yẹ ká bínú. Ọ̀pọ̀ wa ni agbowó ọjà ń dé ọ̀dọ̀ wa tí a ń sápamọ́ sẹ́yìn agbọ̀n. Síbẹ̀, mo rí i pé ẹni tí kò mọ ibi tí owó àná lọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá láti san tòní.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ béèrè, ẹ má lọ lẹ́yin nìkan. Ẹ lọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹnì kan nínú yín gbọ́ Faransé. Ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ má béèrè gbogbo bùjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọ́n á gbé òkè ìwé fún yín, ojú yín á sì rẹ̀. Ẹ béèrè ohun kan: iye tó wọlé láti ọjà yín lọ́dún tó kọjá, tàbí iye tí wọ́n ti ná sórí kànga abúlé yín. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ níwájú wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá ní ẹ padà wá, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìyá oní-gàrí kò tíì lọ sí ilé mẹ́ẹ̀rì. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, kò ju tíkẹ́ẹ̀ nù mọ́. Ó ra ìwé ọmọ iléèwé kan, ó sì ń fi ẹ̀kọ lẹ tíkẹ́ẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá a kọ ọjọ́ sí i. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wọ kíláàsì ìwé Nàgó, ó sì ń kọ ọ́. Mo yà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ìwé náà hàn mí. Tíkẹ́ẹ̀ 37 ló wà nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ti kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà tó wọ́ díẹ̀: 3.700.